Àkọ́bí Tó Bá Àbúrò Mọ́kànlá Wáyé

Olè ti wọ àárín wa.

Bí Dókítà Adéwọ̀yìn ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ nìyẹn, ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ò tíì bọ́jú. Kò kọ ọ́ ní ṣókí. Ìpínrọ̀ mẹ́sàn-án ni, ó fi nọ́ńbà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì so ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn tó fi fún ọlọ́pàá mọ́ ọn bí ẹni ń pín káàdì ìgbéyàwó. Ní ìpínrọ̀ kẹfà ló ti dárúkọ olè: Daud, ẹni tó ń tún ìwé tó ti gbó ṣe ní láíbìrì yunifásítì kan.

Muminat ka gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní South Shore, tíì rẹ̀ ń tutù lọ. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe ní ọsibítù láti ọdún mọ́kàndínlógún ni kí ó máa yẹ fáìlì aláìsàn wò, kí ó máa wá ibi tí déètì tí dókítà kọ sílẹ̀ ò ti bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ojú rẹ̀ ti mọ irọ́ tó bá wọ kóòtù funfun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá sọnù láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ìlú Chicago, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Dókítà pe ọlọ́pàá, ó pe gbogbo ẹgbẹ́, kò sì pe òun. Ìyẹn nìkan ti tó kí ó fura.

Ẹjọ́ náà ò ṣòro láti rò. Oníṣègùn eyín ni Dókítà Adéwọ̀yìn, Naperville ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn ìtàn alàwòrán kan tó ti ilẹ̀ Japan wá. Kuromatsu ni orúkọ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, tí kì í jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, síbẹ̀ tí apààyàn kan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ìtàn yìí ti ń jáde, ìwé rẹ̀ ti di mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, Dókítà sì ní gbogbo wọn. Èyí tó fi ń yangàn jù ni ìwé kìn-ín-ní, ìtẹ̀ àkọ́kọ́, tó ní irú rẹ̀ ò sí ní gbogbo Illinois. Ó ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Ó ti sọ ọ́ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n tó ṣe àmín tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló gbé ìwé náà fún Daud pé kó bá òun tún un ṣe, nítorí ìpàtẹ ìwé tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ní gbọ̀ngàn wọn lọ́jọ́ Sátidé yìí gan-an, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Daud tún un ṣe, ó dá a padà. Dókítà wá ní ìwé tí wọ́n dá padà kì í ṣe tòun. Ó ní ìtẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni, irú èyí tó kún ọjà, pé Daud ti gbé ojúlówó pamọ́ ó sì ti fi èyí rọ́pò rẹ̀.

Aago mẹ́jọ ò tíì lù tí Daud fi wà lórí àga níwájú Muminat. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni pé wọ́n ti ní kó má fi wọ́n kan nǹkan mọ́. Ó ròyìn pé ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Eden ti pe òun lánàá, pé ó ń bọ̀ ní láíbìrì ní Mọ́ńdè láti bá òun àti ọ̀gá òun sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ìwé tó ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá níbẹ̀, òmíràn ti lé ní irínwó ọdún," ni Daud wí. "Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo pààrọ̀ ìwé olówó ìwé, mo jẹ̀bi o, mi ò jẹ̀bi o, wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. I'm finished."

"O ò tíì finish. Kí ló ń ṣe ìwé náà nígbà tó dé ọwọ́ ẹ?"

Ìbéèrè iṣẹ́ lèyí, ara Daud sì balẹ̀ díẹ̀. Ó ṣàlàyé pé èèpo ìwé náà jẹ́ bébà dídán tó ṣeé bọ́, tí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì wọ inú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Etí iwájú dà bí èyí tí wọ́n tẹ̀ lánàá. Ti ẹ̀yìn ló gbó. Oríkèé rẹ̀ ti fẹ́ já, ó sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí wọ́n to nọ́ńbà sí láti ení dé èjìlá, lẹ́bàá méje gan-an. Ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́.

"O ka ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún ìtẹ̀ sí?"

"Mi ò gbọ́ èdè Japan, Àǹtí. Mi ò ka ohun tí mo ń tún ṣe. Ṣé Dókítà máa ń bá eyín sọ̀rọ̀ kó tó yọ ọ́ ni?"

Muminat fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó béèrè àwòrán. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ya ìwé ní àwòrán kó tó fọwọ́ kàn án, kó tún yà á lẹ́yìn tó bá parí. Daud wo ilẹ̀. Ó ní ní ibi iṣẹ́, òun kì í fo èyí láéláé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òun yọ fóònù níwájú Dókítà, Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ̀rí ni Daud fẹ́ kó jọ sí òun lọ́rùn ni, ṣebí ará ilé ni àwọn. Ojú ti òun. Òun dá fóònù padà sápò.

Muminat di ojú fún ìgbà díẹ̀. Ó mọ ìtìjú yẹn dáadáa. Òun náà ti tìtorí rẹ̀ fọwọ́ sí ohun tí kò kà rí.

"Ta ló tún fọwọ́ kan ìwé náà yàtọ̀ sí ẹ?"

Daud fi ọwọ́ ra orúnkún, inú Muminat ò sì dùn sí i. Ó yá, ó sọ ọ́. Ó ti yà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Justin, tó ń ta ìwé alàwòrán ní àríwá ìlú, láti wo bí èèpo ẹ̀dà mìíràn ṣe rí. Àkókò ìrun kan án níbẹ̀. Ó fi báàgì sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà Justin, ó lọ kírun, ó pẹ́ tó wákàtí kan.

"O fi ìwé tó yẹ kí o máa gbé bí ẹyin sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irú rẹ̀?"

"Àǹtí, ọ̀rẹ́ mi ni."

"Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá jẹ́rìí takò wá ló ti jẹ́ ọ̀rẹ́ wa rí," ni Muminat wí, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún lọ sí àríwá. Nínú ọkọ̀, ó ti dá Justin lẹ́jọ́ tán: oníṣòwò, ó mọ iye rẹ̀, ó ní wákàtí kan, ó sì ní ẹ̀dà tó lè fi pààrọ̀. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù ju kó jẹ́wọ́.

Justin ò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya aago fífọ́ sí láyà, nígbà tó sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń fura sí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kámẹ́rà wà lórí káńtà òun, Muminat sì lè jókòó wo wákàtí náà látòkèdélẹ̀. Ó jókòó, ó wò ó. Báàgì ò mira. Ẹnì kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọn ni ológbò Justin, tó sùn lé e lórí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn tí Muminat ti fi gbogbo ọ̀nà tò jọ wó sí. Ó tọrọ àforíjì, Justin sì jẹ́ irú ẹni tí inú rẹ̀ máa ń rọ̀ bí ènìyàn bá ti béèrè ohun tó fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Muminat béèrè ohun tí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ gan-an. Ọkùnrin náà fa àga.

Ó ní nígbà tí ìtàn Kuromatsu kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1992, inú ìwé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan ló wà, ìwé tó nípọn bí bíríkì tí àwọn ènìyàn ń kà nínú tíréènì tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ sórí àga. Àwọn olóòtú fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré. Káàdì tí àwọn òǹkàwé kọ ránṣẹ́ ló gbà á lọ́wọ́ ikú. Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n kó àwọn orí mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jọ sínú ìwé kékeré kan, ìwé kìn-ín-ní, wọ́n sì tẹ ìwọ̀nba nítorí pé ọkàn wọn ò balẹ̀. Nígbà tó di ìwé karùn-ún, tẹlifíṣọ̀n ti gbé e, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ìwé kìn-ín-ní tẹ̀, tí wọ́n ń tún un tẹ̀. Òǹkọ̀wé ṣàìsàn, ìtàn dúró fún ọdún méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé kìn-ín-ní nìkan, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ju àádọ́rin ìgbà lọ.

"Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ ti àkọ́kọ́?"

Justin mú ẹ̀dà kan, ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Ìlà òkè ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé náà. Gbogbo ìtẹ̀ ló máa ń gbé ìlà yẹn, títí dòní. Ìlà ìsàlẹ̀ ló ń sọ ìtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ gan-an. Ẹni tí kò bá mọ̀, ìlà òkè nìkan ló máa ń kà, á sì fò sókè pé òun ti rí ìṣúra. Ẹ̀rí kejì wà lára èèpo: etí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń to àwọn ìwé tó ti jáde sí. Lára ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ti ìwé kìn-ín-ní, ibẹ̀ ṣófo.

Justin wá sọ ohun tí Muminat ò béèrè. Ó ní ní oṣù kejì ọdún yìí, dókítà eléyín kan láti Naperville pe òun lórí fóònù, ó béèrè ìbéèrè kan náà. Òun ṣàlàyé fún un bí òun ṣe ń ṣàlàyé yìí, ìlà méjì, etí tó ṣófo. Òun gbọ́ tí ọkùnrin náà ń ṣí ewé. Ó wá ní o ṣeun, ó pa fóònù.

Muminat fi ọwọ́ lé káńtà. Oṣù kejì. Oṣù karùn-ún ni wọ́n wà yìí. Dókítà ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé ohun tí òun fi ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu láti ogún ọdún kì í ṣe ohun tí òun pè é. Ó lè jókòó, kó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, kó ní ẹ dákun, mo ṣì í kà. Ta ni ì bá bínú? Dípò ìyẹn, ó wá ẹni tí kò lè bá a jiyàn, tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, tí ojú ń tì láti yàwòrán níwájú rẹ̀, ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́ kí ó lè ní ẹni tó máa sọ ọ́ nù fún òun.

Inú bí i débi pé ó gbàgbé láti dágbére. Justin sáré tẹ̀lé e jáde, ó fún un ní ìwé kan láti inú agbọ̀n olówó pọ́ọ́kú, èyí tó ṣe ogójì nínú àwọn ìwé Kuromatsu, kó lè rí ohun tí òun ń wí. Muminat ṣí i lójú ọ̀nà. Justin rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yìn ló ti ń ṣí i. Ìwé àwọn ará Japan, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ará Chicago pè ní iwájú, ẹ̀yìn ni. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Muminat tún ìwé ẹ̀sùn Dókítà kà. Kò yẹ kí Dókítà gbé e sórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́. Nọ́ńbà keje kà báyìí: *Etí ẹ̀yìn èèpo ìwé tèmi ṣófo, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ìtẹ̀ àkọ́kọ́. Ti èyí tí Daud mú wá ní orúkọ ìwé méjìlá.* Dókítà ti kọ́ ẹ̀kọ́ Justin dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ni Muminat ní láti fi já a? Ọ̀rọ̀ Daud, tí Eden lè ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìpè fóònù kan, tí Dókítà lè ní òun fi béèrè nǹkan lásán. Mọ́ńdè sì ń bọ̀.

Aago méjì kọjá nígbà tó dé gbọ̀ngàn. Wọ́n ti to àga. Wọ́n ti gbé ìwé tí Daud dá padà sínú àpótí gíláàsì láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ọn lára: OHUN TÍ OLÈ FI PÀÀRỌ̀ RẸ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ní ibi tó ti máa ń wà níbi gbogbo àpéjọ ẹgbẹ́, ni àwòrán gàgàrà Dókítà dúró sí, ó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n kọ 2019 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Muminat ti rí i tó ìgbà ogún. Eyín Dókítà ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, eyín funfun méjìlélọ́gbọ̀n tó ń polówó ọjà ara rẹ̀. Nínú àwòrán náà, Dókítà gbé ìwé kìn-ín-ní sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ṣí èèpo rẹ̀ sílẹ̀ kí ayé lè rí inú.

Muminat tún fẹ́ kọjá. Ó dúró. Ó mú ìwé ogójì jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ṣí i bí Dókítà ṣe ṣí i.

Lẹ́yìn náà ló lọ pe Bàbá Adéògún, alága ẹgbẹ́, ó ní kó mú awò ojú rẹ̀ dání.

Yàrá ìjókòó kékeré tó wà lẹ́yìn pèpéle ni wọ́n ti jókòó, àwọn mẹ́rin: Bàbá Adéògún, tó wa tíréènì ìlú títí ó fi fẹ̀yìn tì, Daud, Muminat, àti Dókítà, tó wọ kóòtù tó bá táì rẹ̀ mu. Dókítà kọ́kọ́ ní òun ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò, ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bàbá ní kó fara balẹ̀ gbọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ìbéèrè mẹ́ta péré ni, Dókítà," ni Muminat wí. "Etí ẹ̀yìn ìwé yín, ẹ ní ó ṣófo?"

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì fọwọ́ sí i."

"Kò sígbà kan tó ní orúkọ ìwé méjìlá lára?"

"Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ni, Muminat. O ò lè mọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní ọsibítù. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìwé kejì gan-an ò tíì sí."

"Mo dúpẹ́. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín nínú àwòrán ẹnu ọ̀nà yẹn, òun náà ni àbí òmíràn?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun náà ni, ta ni kò mọ̀ ọ́n. Muminat dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ wò ó.

Bàbá Adéògún ló kọ́kọ́ sún mọ́ àwòrán náà, awò rẹ̀ lórí imú. Ó wo eyín bí gbogbo ènìyàn. Muminat fi ìka hàn án pé ibẹ̀ kọ́, kí ó wo ìwé. Bàbá wò ó pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà sókè, bí ẹni ń ka ibùdókọ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó kà á dé méjìlá.

"Ẹ̀yìn lẹ ti ṣí i, Dókítà," ni Muminat wí. "Gẹ́gẹ́ bí ìwé òyìnbó. Ẹ rò pé iwájú lẹ fi ń hàn wá. Àkọ́bí yín rèé, ẹ̀yin náà lẹ ní àbúrò rẹ̀ kankan ò tíì sí. Báwo ló ṣe kó àbúrò mọ́kànlá wáyé?"

Dókítà ní bóyá èèpo nìkan ni ẹnì kan ti pààrọ̀, pé inú ìwé náà ṣì jẹ́ ojúlówó nígbà náà. Muminat ti ń retí ìyẹn. Ó ní kí Bàbá wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà méje nínú àwòrán. Ó ya díẹ̀, bí àmì èékánná. Ó ní kí wọ́n ṣí àpótí gíláàsì. Daud ló gbé ìwé náà jáde, Bàbá ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e. Lẹ́bàá nọ́ńbà méje, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lórí ibi tó ya, ó bá ti inú àwòrán mu látòkè délẹ̀.

"Ìwé tí ẹ fún un náà ló dá padà fún yín," ni Muminat wí. "Èèpo yìí náà lẹ gbé lọ́wọ́ ní 2019, ìwé yìí náà lẹ sì jẹ́wọ́ pé ó wà nínú rẹ̀. Ní 2019, Daud ò tíì kúrò ní Ìbàdàn. Ní oṣù kejì, ọkùnrin kan ka ìlà méjì yẹn fún yín lórí fóònù. Ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé e fún un."

Dókítà jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ ba ti Daud jẹ́. Òun ti sọ ọ́ fún ayé, òun ti kọ ọ́ sí àwọn ìwé ìkésíni, kí ni òun ì bá wí? Ó ní kí wọ́n yanjú rẹ̀ bí ará ilé. Òun á ní àwọn ti rí ìwé náà, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ará ilé. Muminat na ìka sí fóònù tó wà lọ́wọ́ Dókítà.

"Aago méje àárọ̀ lẹ pè é ní olè níwájú igba ènìyàn," ni ó wí. "Ẹ ò rántí ará ilé nígbà yẹn. Ibi tí ẹ ti kọ ọ́ náà lẹ máa kọ èyí sí. A ń dúró."

Dókítà wo Bàbá Adéògún. Bàbá ń nu awò rẹ̀, kò gbójú sókè.

Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ kọ pé èdè àìyedè díẹ̀ wáyé. Muminat ní kó pa á rẹ́. Ó kọ pé àwọn amòye ti wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ní kó pa ìyẹn náà rẹ́. Níkẹyìn ìlà mẹ́ta péré ló kù, kò sì sí nọ́ńbà níwájú wọn: Daud ò jí nǹkan kan. Ìwé mi kì í ṣe ìtẹ̀ àkọ́kọ́ rí. Mo mọ̀, mo sì purọ́ mọ́ ọn. Ó wá pe Eden níwájú wọn. Ọlọ́pàá náà gbọ́ ọ tán, ó ní kò sí ìdí láti lọ sí láíbìrì mọ́. Dókítà ni kó wá bá òun ní àgọ́ ní Mọ́ńdè, kí ó mú lọ́yà dání bó bá wù ú.

Àwọn àlejò àkọ́kọ́ ti ń wọlé. Dókítà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gbé àwòrán ẹnu ọ̀nà kúrò. Bàbá Adéògún ní ìpàtẹ ìwé ni wọ́n kéde, kò sì sí ohun tó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ kà ju ìyẹn lọ.

Daud ti ya bébà OLÈ kúrò lára àpótí. Ó ti yẹ ìwé náà wò látòkè délẹ̀ bí ẹni ń yẹ ọgbẹ́ tó ń san wò. Ó gbé e fún Dókítà, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹ má ṣí i láti ẹ̀yìn mọ́. Ibẹ̀ ló ti ń ya."